Kí wọ́n tó gé eré sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n bi wá

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ń kọ̀wé, ọ̀rọ̀ àwọn eré sáyẹ́ǹsì orí tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn àwọn eré àròsọ nípa ìrìn àjò ojú sánmà àti ọjọ́ iwájú, ló ń dùn mí. Tá a bá ti mọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú yẹn tán, wọ́n á kàn gé e lójijì. Owó ni, mo mọ̀, àsìkò ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń tà fáwọn tó ń polówó, iye èèyàn tó ń wò ni wọ́n sì fi ń díye lé e, eré sáyẹ́ǹsì náà sì máa ń gbówó gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn náà máa ń dá kún un o. Ẹ wo eré Firefly tí Fox, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2002, alẹ́ Fúráìdè ni wọ́n gbé e sí, wọn ò tiẹ̀ fi apá àkọ́kọ́ ṣáájú, apá 14 ni wọ́n ṣe, 11 péré ni wọ́n fi hàn kí wọ́n tó pa á, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ lóye ẹ̀? Star Trek ńkọ́? Lẹ́tà rẹpẹtẹ làwọn èèyàn kọ sí NBC, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó ń gbé e jáde, pé kí wọ́n má gé e, wọ́n sì kéde ní 1968 pé ó ń padà bọ̀. Wọ́n pa á ní 1969 ṣá, ìgbà táwọn tẹlifíṣọ̀n kéékèèké wá ń tún un fi hàn ló wá lókìkí jù.

FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, wà nílùú wa níbí, àwọn ọmọ tó fẹ́ràn irú eré yìí pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fáwọn tẹlifíṣọ̀n wa kí wọ́n bi wá kí wọ́n tó gé e.

Òǹkàwé yín, Ìjàpò, Àkúrẹ́