Ẹ má torí ẹyẹ tẹ oko olóko mọ́lẹ̀

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Òǹkàwé yín kan kọ̀wé pé ìranù ni kí àgbàlagbà gbé kámẹ́rà kọ́rùn kó máa wá ẹyẹ kiri inú oko òyìnbó. Èmi tí mò ń wa bọ́ọ̀sì ní Hertfordshire, ní England níbí, wà lára àwọn tó ń ṣe ìranù náà, ọjọ́ ìsinmi mi ni mo sì fi ń ṣe é.

Dotterel ni ẹyẹ tí mò ń wá. Àríwá Áfíríkà ló ti ń lo ìgbà òtútù. Bí oṣù kẹrin bá ń parí lọ, á gba England kọjá lọ sórí àwọn òkè Scotland àti Norway láti lọ yé ẹyin. Lójú ọ̀nà, ó lè bà sí oko ẹ̀wà òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lágbègbè Royston níbí, kó sinmi ọjọ́ díẹ̀. Ó ti ń ṣọ̀wọ́n. Ní nǹkan bí 1988, akọ tó ń sàba ní Britain lé ní 900. Ní 2011, wọn ò pé 450 mọ́.

Àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti erùpẹ̀, tí ò bá mira, ẹ lè wò ó títí kẹ́ ẹ má rí i. Á sáré díẹ̀, á dúró gbagidi, á ṣa kòkòrò jẹ, á tún sáré. Ìlà funfun tó gba òkè ojú méjèèjì lọ pàdé lẹ́yìn ọrùn lẹ máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ikùn tó pọ́n bí obì. Abo ló rẹwà ju akọ lọ, akọ ló sì ń sàba. (Kí ìyàwó mi má ka ibí yìí o.)

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn oníkámẹ́rà tó ń rọ́ wọ àárín irúgbìn. Òfin gbà wá láyè láti rin ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba etí oko. Kò ní ká tẹ ẹ̀wà ẹni ẹlẹ́ni mọ́lẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ Ìlọrà ni mí, mo mọ ohun tí bàbá mi máa ń sọ tí ewúrẹ́ bá wọ oko rẹ̀, ká má tíì wá sọ ti èèyàn tó gbọ́n. Wọn ò tiẹ̀ nílò rẹ̀: dotterel kì í fi bẹ́ẹ̀ sá fún èèyàn. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ létí ọ̀nà, ó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sún mọ́ yín. Ẹ sì tètè jí lọ, torí tí oòrùn bá ti mú, ooru ilẹ̀ á máa jó níwájú lẹ́ǹsì, fọ́tò á wá rí bàìbàì.

Ẹni tó kọ̀wé ọ̀hún, tó bá wà nítòsí ní ìparí oṣù kẹrin, kó wá. Màá yá a ní awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Tó bá ní ajá, kó ṣáà fi í sílé.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, Hertfordshire