Lẹ́tà sí Màmá nípa Àwọn Ológbò Wa

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Mo kí Káyọ̀dé, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ, mo sì gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà. Ara àwa náà le níbí, iṣẹ́ sì ń lọ déédéé.

Nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú, tí mo sọ fún yín pé Àbẹ̀kẹ́, ológbò mi, ti kú, tí ẹ sì gbọ́ ẹkún nínú ohùn mi, ohun tí ẹ sọ ni pé, “Ọmọ mi, wọn kì í sunkún ológbò.” N kò fèsì, nítorí kò tọ́ kí n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu yín. Mo wá rò ó pé ó yẹ kí n fara balẹ̀ kọ ohun tó wà lọ́kàn mi sínú ìwé, kí Káyọ̀dé lè kà á fún yín ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá ti ọjà dé. Màmá, ẹ̀yin gan-an ni ẹ kọ́ mi láti fẹ́ràn ológbò.

Ẹ rántí Púùsì, abilà aláwọ̀ eérú tí Bàbá, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn nígbà tí èkúté fẹ́rẹ̀ẹ́ lé yín kúrò ní ìsọ̀ yín ní ọjà Bódìjà. Àpò èlùbọ́ tí ẹ bá gbà wọlé lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, èkúté á ti dá ihò sí i nídìí. Oṣù tí Púùsì dé ni ìyẹn dópin. Orí àpò àgbàdo tó ga jù lọ ló máa ń jókòó sí, á di ojú méjèèjì bí ẹni tó sùn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan á máa yí síwá sẹ́yìn. Bí nǹkan kan bá ti dún fẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdí ògiri, ara rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àpò, ìdí rẹ̀ á máa mì díẹ̀díẹ̀, kí a tó ṣẹ́jú, ó ti bẹ́ sílẹ̀, èkúté sì ti ń ké lẹ́nu rẹ̀. Kì í jẹ ẹ́ àfi tó bá kọ́kọ́ gbé e wá síwájú yín, tí ẹ sì sọ fún un pé, “O káre, ọmọ dáadáa.”

Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ kì í fọwọ́ kan oúnjẹ tiyín kí Púùsì tó jẹ tirẹ̀. Ẹ ó mú orí ẹja, ẹ ó yọ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó fi ọwọ́ pò ó mọ́ ẹ̀bà, ẹ ó sì dúró tì í kí adìyẹ má baà gbà á jẹ. Inú máa ń bí àwa ọmọ nígbà mìíràn, nítorí orí ẹja yẹn ló máa ń dùn jù nínú ìkòkò. Nígbà tó sì bímọ sínú àpótí aṣọ yín, lórí ìró àdìrẹ tuntun, ẹ kò lé e. Ẹ fi ìró náà sílẹ̀ fún un títí àwọn ọmọ fi lajú.

Mo ti kà á pé bí èèyàn àti ológbò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pọ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀ yín. Nígbà tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn Àárín bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ọkà, tí wọ́n ń kó o pamọ́ sínú àká, èkúté wá jẹ ọkà, ológbò igbó wá jẹ èkúté, nígbà tó sì yá, kò padà sígbó mọ́. Ní erékùṣù Kípírù, ìlú Bánábà inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, àwọn awalẹ̀pìtàn rí sàréè kan tó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí 9,500 ọdún: wọ́n sin èèyàn kan, wọ́n sì sin ológbò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àlàfo àárín wọn kò tó ìdajì mítà. Ọdún 2004 ni ìròyìn rẹ̀ jáde. Kò sí ológbò ní erékùṣù náà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹnìkan ló ti fi ọkọ̀ ojú omi gbé irú rẹ̀ débẹ̀. Ó dá mi lójú pé ẹni tó sin ẹran lọ́nà bẹ́ẹ̀ sunkún rẹ̀.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan Adúmáadán, ọmọ Púùsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé. Ó dúdú, ó ń dán, ẹ̀yin ló sì máa ń tẹ̀lé dé ẹnu ọ̀nà bí ẹ bá ń lọ sí ìpàdé àdúrà. Àwọn kan nínú àwọn ayálégbé tí a jọ ń gbé ní Agbowó sọ pé kí ẹ lé e jáde, pé ológbò dúdú kì í ṣe ẹran lásán, pé iṣẹ́ àjẹ́ ló ń jẹ́ lóru. Ẹ dá wọn lóhùn pé Ọlọ́run tó dá funfun náà ló dá dúdú, ẹ sì bá iṣẹ́ yín lọ. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kan, Adúmáadán kò wálé. Ẹ gbé àtùpà, ẹ mú orí ẹja dání, ẹ ń pè é káàkiri àdúgbò, èmi náà ń tẹ̀lé yín lẹ́yìn. Abọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, alaalẹ́ ni ẹ sì ń bu oúnjẹ sí i. Ẹ kò bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ kò sì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo rí yín ní ìdí ààrò, tí ẹ ń fi etí ìró nu ojú. Ẹ sọ fún mi pé èéfín ni. Màmá, kò sí iná ní ààrò lọ́jọ́ náà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo dé ìlú yìí, tí mo ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ sínú yàrá tí kò ti sí ẹni tí yóò kí mi káàbọ̀, ológbò dúdú ni mo lọ gbà. Ilé ìtọ́jú ajá àti ológbò ní Battersea ni mo ti mú un, ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1860, tó sì ti ń gba ológbò láti 1883. Ibẹ̀ náà ni Larry ti wá, ológbò tó ti ń gbé ní ilé olórí ìjọba ní Downing Street láti oṣù Kejì ọdún 2011. Iṣẹ́ Púùsì gan-an ni wọ́n gbà á fún, kó máa lé èkúté. Láti ìgbà David Cameron títí dé ìgbà Keir Starmer, àwọn olórí ìjọba ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò sì sí ẹni tó lé e. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i nínú ìròyìn, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ó gbádùn ìtàn rẹ̀.

Bí mo bá ti ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn ni Àbẹ̀kẹ́ á ti máa ké lọ́hùn-ún, á fi ara nu mí lẹ́sẹ̀, á sì ṣáájú mi lọ sí ilé ìdáná. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di dandan láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2024 pé kí ológbò tó bá ti lé ní 20 ọ̀sẹ̀ ní ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kan lábẹ́ awọ, èyí tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, kí wọ́n lè mọ olówó rẹ̀ bó bá sọnù. Tipẹ́tipẹ́ kí òfin náà tó dé ni mo ti ní kí wọ́n ṣe é fún Àbẹ̀kẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gún un lábẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn ọrùn, Adúmáadán ni mo ń rò.

Àrùn kíndìnrín ló pa á, ó sì wọ́pọ̀ lára ológbò tó bá ti dàgbà. Omi tó ń mu ṣàdédé pọ̀ sí i, nítorí kíndìnrín tí kò lágbára mọ́ kò lè dá omi dúró sára. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Oúnjẹ tí dókítà ẹranko júwe fún wa mú kó pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ìwòsàn. Nígbà tí kò lè jẹun mọ́, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tó mú un sùn lọ láìní ìrora, orí itan mi ló sì wà. Mo mọ̀ pé èyí lè ṣòro fún yín láti gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi wà lára rẹ̀ títí dé òpin.

Káyọ̀dé sọ fún mi pé èkúté ti padà sí ìsọ̀, àti pé ológbò aládùúgbò yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ológbò kò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi gba ọ̀kan, ṣùgbọ́n kó tó oṣù méjì kó tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bó bá pé oṣù mẹ́ta, kí Káyọ̀dé gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn fún abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Mo ti fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ohunkóhun tó wù kó ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún un ní parasitamọ́ọ̀, nítorí ara ológbò kò lè tú oògùn yẹn ká, hóró kan ṣoṣo sì lè pa á. Tí ẹ bá ti fún un lórúkọ, kí Káyọ̀dé fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ọjà, pàápàá àwọn tí wọ́n mọ Púùsì. Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀.