N Kò Yí Orúkọ Mi Padà

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Èlùbọ́ ni mò ń tà ní ọjà Kúbwà, l'Ábùjá níbí. Mòríámọ̀ ni bàbá mi sọ mí ní Ìwó. Òun ló wà nínú ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́fà mi, òun náà ni mo fi ṣe BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, ní ọdún 2015, ọdún kan lẹ́yìn tí ètò náà bẹ̀rẹ̀.

Ìparí ọdún 2020 ni ìjọba ní ká so NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, mọ́ síìmù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò ti láìnì wa pa. Ẹ rántí èrò ìgbà yẹn. Mo kírun Àsùbáà tán ni mo ti lọ tò láti gba NIN, ìrọ̀lẹ́ ló tó kàn mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà béèrè orúkọ mi, mo sọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Òun ni ojú kọ̀ǹpútà kọ sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni èmi ń wò. Ìgbà tí bébà jáde ni mo rí i pé Maryam ló kọ. Mo ní, "Ọmọ mi, èyí kọ́ lorúkọ mi." Ó fi Haúsá dá mi lóhùn pé, "Duk ɗaya ne," pé ọ̀kan náà ni. Ó sì pe ẹni tó kàn.

Àwọn Haúsá àdúgbò mi ti ń pè mí ní Maryam tipẹ́, tìfẹ́tìfẹ́ ni, mo sì ń jẹ́ wọn. Kọ̀ǹpútà báńkì ni kò gbà pé ọ̀kan náà ni.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n ti àkáǹtì mi pa. Owó èlùbọ́ Ṣakí, 186,000 náírà, wà níbẹ̀. Dírẹ́bà ti já ẹrù, ó jókòó lórí àpò, ó ń dúró de owó. Ọmọbìnrin ilé báńkì ní, "Màmá, orúkọ yín ò bára mu." Ó ní kí n lọ búra ní kóòtù, kí n tún gbé e sínú ìwé ìròyìn pé èmi tí wọ́n ń pè ní Mòríámọ̀ tẹ́lẹ̀, Maryam ni mò ń jẹ́ báyìí.

Olóòtú, ibẹ̀ ló ti dùn mí wọra. Ṣé kí n búra sí ohun tí n kò ṣe? Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí báńkì gbà lọ́wọ́ mi náà ni wọ́n gbà fún NIN. Ọjọ́ ìbí kan náà ni. Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi hàn nínú fọ́tò méjèèjì.

Ní ìsọ̀ tó kángun sí tèmi, Síkírátù ti di Shukura. Ṣadé tó ń ta ata, ibì kan kọ ọ́ ní Sade, ibòmíràn ní Shade.

Ẹ bá wa bẹ àwọn tó ń kọ orúkọ kí wọ́n máa yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa, ká fojú ara wa rí i kó tó wọlé. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Kí báńkì náà fún máníjà láṣẹ láti wo ìka, fọ́tò àti ọjọ́ ìbí, kó sì ṣí owó olówó. Bí àtúnṣe bá sì máa ná ni lówó, ẹni tó ṣì í kọ ni kó san án.

Ará Ìwó kan ló yá mi lówó tí mo fún dírẹ́bà. Tèmi ṣì wà ní báńkì. N kò tíì lọ sí kóòtù. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni mo fi sísàlẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́.

Èmi ni,
Mòríámọ̀, Ìyá Elélùbọ́,
Ọjà Kúbwà, Àbújá.