Agẹdẹ̀ǹgbé Bàbá Àgbà àti Ọ̀bẹ Rẹ

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Sátidé.

Ọlá ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù. Ṣé ara ìyàwó àtàwọn ọmọ le?

O béèrè ìdí tí n kò fi tíì fi sáńpépà ha agẹdẹ̀ǹgbé bàbá bàbá mi kó máa dán. N kò ní í ha á, Ọlá. Mo gbé e lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n gbé e sínú oòrùn, wọ́n fi ìka tọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní kí n wo àwọn ibi tó jìn wọnú díẹ̀díẹ̀. Ojú owú, òòlù alágbẹ̀dẹ, ni. A ò mọ orúkọ ẹni tó rọ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ibi tí owú rẹ̀ bà ṣì wà níbẹ̀. Bí mo bá ha á, ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni mo ha dànù. Ìpẹtà pupa tó ń jẹ irin nìkan ni mo fi epo àti aṣọ nù kúrò. Dúdú tó ti bò ó tipẹ́, mo fi í sílẹ̀. Mo sì ti yọ ọ́ kúrò nínú àkọ̀ rẹ̀, torí awọ a máa fa omi mọ́ra lásìkò òjò.

Èyí tí yóò dán ni tìrẹ: ọ̀bẹ ìdáná tó tẹ̀ bíi ti agẹdẹ̀ǹgbé náà. Irin tí kì í dípẹtà, tí Harry Brearley ṣe ní Sheffield yín níbẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1913, ni o fẹ́, àmọ́ iná tirẹ̀ ju ohun tí ewírí àti èédú wa lè ṣọ́ lọ. Irin sípírìngì ọkọ̀ akẹ́rù ni mo lò. Mo ti àkọ́kọ́ bọ omi nígbà tó pọ́n, ó sì sán láti ojú dé ẹ̀yìn. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin! N kò lè jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ti èkejì, mo ń fi òòfà yẹ̀ ẹ́ wò nínú iná, torí òòfà kì í gbé irin mọ́ bó bá ti gbóná tó. Nígbà tí òòfà kò gbé e mọ́, mo jẹ́ kó gbóná díẹ̀ sí i, mo wá tì í bọ epo. Ó le, àmọ́ bó bá já bọ́ nígbà yẹn, fífọ́ ni ì bá fọ́ bí àwo. Kó má bàa rí bẹ́ẹ̀ mọ́, mo gbé e sínú ófùnù gáàsì ilé, ní dígírì 200, fún wákàtí méjì, ó sì mú àwọ̀ koríko gbígbẹ. Ó ti ń gé tòmátò láìtẹ̀ ẹ́.

Èèkù ló kù. Mo ti ní igi apá. Fi ọwọ́ òsì rẹ lé bébà, kó o fi bírò yí i ká, kó o sì fi ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni tìrẹ,
Wálé