Ọ̀lẹ Kọ́ Lẹni Tó Sá Kúrò Ní Jíìmù

Sí Olóòtú,

Tí ọdún bá bẹ̀rẹ̀, èèyàn máa ń kún jíìmù Ìkòròdú, láti Sábó dé Àgírììkì. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, irin nìkan ló kù. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni àwọn tó sá. Àwa tí à ń kọ́ àgbàlagbà ní gbígbé irin ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń lé púpọ̀ nínú wọn. Ẹni ọdún 45 tí kì í gbé ju báàgì ọjà lọ á fẹ́ fi ìrọ̀lẹ́ kan san gbèsè ogún ọdún, olùkọ́ á sì dúró tì í, á máa pariwo "gbé e, gbé e!" Ara ríro rẹ̀ kì í dé lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù, tó fi jẹ́ pé á di ògiri mú kó tó lè jókòó ní ṣáláńgá. Ọkàn kì í gbàgbé irú ẹ̀. Kò ní í sọ pé ojú ń ti òun, "iṣẹ́ ò jẹ́" ni á máa wí.

Irin tó yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí tó gbé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tó sì mọ̀ pé òun ṣì lè gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i. Gbígbé mẹ́wàá yẹn léraléra là ń pè ní sẹ́ẹ̀tì kan; sẹ́ẹ̀tì méjì tó, kó sinmi ìṣẹ́jú méjì láàárín wọn. Nílé ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó kún fómi lé díẹ̀ ní kílò 5; àga tí kì í yẹ̀ wà fún ìjókòó-dìde. Bó bá ti lè ṣe méjìlá nínú sẹ́ẹ̀tì méjèèjì, kó fi díẹ̀ kún un. Èyí tó rọrùn jù ni kó fi kádìí rẹ̀, torí bí nǹkan ṣe parí ló máa ń wà lọ́kàn èèyàn. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà máa fún iṣan lágbára, nínú ìlànà wọn ti 2020. Ẹni tó bá ní mẹ́fà lòun fẹ́, à ń bẹ̀ ẹ́ kó dín in kù.

Dígí jíìmù náà wà lára ohun tó ń lé wọn. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ọpọlọ ló ń kọ́ bí yóò ṣe pe iṣan síṣẹ́; iṣan fúnra rẹ̀ ò tíì tóbi. Ẹni tó ń wo ikùn á rò pé owó òun ṣòfò. Kó máa kọ kílò àti iye ìgbà sínú ìwé. Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, ti kọ ọ́ ní 1977: ohun tí èèyàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló ń jẹ́ kó gbà pé òun lè ṣe é, ó ju ìyànjú ẹnu lọ.

"Tí àyè bá yọ" kì í ṣe ètò fún ẹni tó ń jáde ní aago márùn-ún ìdájí. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo bá ti bọ́ bàtà iṣẹ́, kí n tó jókòó" sàn jù. Ẹ má sì gba ti àwọn tó ń pariwo pé ọjọ́ 21 ni ìwà tuntun fi ń mọ́ni lára. Nínú ìwádìí Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London, nǹkan bí ọjọ́ 66 ni ìwà tuntun fi ń mọ́ni lára. Fún àwọn kan ó jẹ́ 18, fún àwọn mìíràn 254. Ọjọ́ kan téèyàn pa jẹ ò bà á jẹ́.

Ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà, ẹ má sì sé èémí tí ẹ bá ń gbé nǹkan. Ẹ̀yin onijíìmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé irin kílò 2 àti 3 sítòsí ilẹ̀kùn, kí àgbàlagbà lè mú un láìkọjá níwájú àwọn ọ̀dọ́.

Àwa olùkọ́ eré ìdárayá kan,
Ìkòròdú.