Ẹ̀sùn lórí ìrìn-àjò ọjọ́ 19 oṣù Keje: ìdí afárá tí wọ́n ti tì pa ni ẹ gbé wa lọ

Kent, ìpínlẹ̀ Washington
23 Oṣù Keje, 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí nítorí òun ni ẹ fi polówó ìrìn-àjò yín fún wa, òun náà ló sì jẹ́ kí ọkàn Màmá mi balẹ̀ láti bá wa lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, mo san 380 dọ́là fún yín, 95 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: èmi, ìyàwó mi, ọmọ wa ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 11, àti Màmá tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 68. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ sanwó ni pé kí ẹ mú wa gun òkè Tolmie nínú ọgbà ìjọba tó wà ní Mount Rainier, kí a dé ilé ìṣọ́ná, ilé tí wọ́n ti ń ṣọ́ iná igbó, tó wà lórí rẹ̀, kí a sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. A ò dé òkè Tolmie. A ò dé ilé ìṣọ́ná kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí wọra. Gáàdì igbó ni bàbá tó bí Màmá mi, nínú igbó ìjọba Olókemejì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Láti 1929 ni àwọn onímọ̀ igbó ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ láti mọ ohun tí iná ń fi igbó ṣe. Wọ́n ń sun apá kan nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọ́n ń sun èkejì nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ tí koríko ti gbẹ táútáú, wọn kì í sì í jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta rárá. Èyí tí iná kò kàn di igbó dídí, èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn di ọ̀dàn. Iṣẹ́ bàbá àgbà ni kí wọ́n máa ro ojú ààlà kí iná àwọn ọdẹ má baà ré wọlé. Màmá máa ń sọ fún wa pé bàbá àwọn kì í sùn dénú nígbà ọyẹ́, pé bí wọ́n bá ti gbóòórùn èéfín lóru, àdá ni wọ́n á kọ́kọ́ mú. Nígbà tí ọmọ mi wá ka ìpolówó yín sí wọn létí, pé ilé kan wà lórí òkè tí ènìyàn ti ń dá gbé láti máa ṣọ́ èéfín, Màmá ní àwọn gbọ́dọ̀ fi ojú ara àwọn rí i kí àwọn tó padà sílé ní oṣù Kẹjọ.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lálaalẹ́. Mo sọ fún wọn nípa iná oṣù Kẹjọ 1910 tó jó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta éékà ní Idaho àti Montana, tó pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rin, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì wá gbájú mọ́ kíkọ́ ilé ìṣọ́ná sórí àwọn òkè lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé 1933 ni wọ́n kọ́ ti Tolmie, àti pé mẹ́rin péré ló ṣẹ́kù nínú gbogbo ọgbà Mount Rainier. Èyí tó wọ Màmá lára jù ni ẹ̀rọ Osborne. Àwo ńlá tí wọ́n tẹ́ máàpù sí láàárín ni. Olùṣọ́ á yí ojú ìwòran rẹ̀ títí yóò fi ṣe déédéé pẹ̀lú èéfín, á ka nọ́ńbà tó wà létí àwo, á sì pe ìsàlẹ̀. Bí ẹni tó wà lórí òkè mìíràn bá sọ nọ́ńbà tirẹ̀, ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé lórí máàpù, ibẹ̀ ni iná wà. Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá wa ì bá mà rí irú èyí o."

Ó wá di àárọ̀ Sátidé. Aago méje àbọ̀ ni ẹ dá fún wa, aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni bọ́ọ̀sì dé. Mo lè gbójú fo ìyẹn. Ohun tí n kò lè gbójú fò ni pé a kọjá Wilkeson, a ń bá ọ̀nà 165 lọ, a sì ká ìdènà mọ́ ojú títì. Afárá Fairfax tó gba orí odò Carbon kọjá nìkan ni ọkọ̀ lè gbà dé adágún Mowich, níbi tí ìrìn òkè Tolmie ti ń bẹ̀rẹ̀. 1921 ni wọ́n ṣe afárá náà. Irin rẹ̀ ti jẹrà, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti tì í pa ní oṣù Kẹrin ọdún yìí, wọ́n kéde pé wọn kò ní ṣí i mọ́. Oṣù Kẹfà ni ẹ gba owó lọ́wọ́ wa! Ẹ ta ọ̀nà tí kò sí mọ́ fún wa, ó sì ti tó oṣù méjì tí kò ti sí. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì yín ì bá ṣí ìkànnì ọgbà náà fún ìṣẹ́jú kan, ì bá ti rí i.

Dírẹ́bà yín pe ọ́fíìsì, wọ́n ní kó gbé wa lọ sí Sunrise, apá mìíràn nínú ọgbà náà, pé ilé ìṣọ́ná wà lórí òkè Fremont níbẹ̀. Òótọ́ ni, ó wà. A yí padà gba Enumclaw, a dé ẹnu ọ̀nà White River ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àbọ̀, ẹ̀ṣọ́ ọgbà sì béèrè tíkẹ́ẹ̀tì àkókò ìwọlé. Kò sí. Láti aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán, ọkọ̀ tí kò bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀ kò lè wọ apá Sunrise nínú oṣù Keje ọdún 2025 yìí. Dọ́là méjì péré ni, yàtọ̀ sí owó ìwọlé. A padà lọ jókòó sí Greenwater fún wákàtí mẹ́ta. Oúnjẹ tí ìyàwó mi sè fún orí òkè, inú bọ́ọ̀sì ni a ti jẹ ẹ́.

A dé Sunrise ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dírẹ́bà ní aṣẹ tí wọ́n fún òun ni pé kí bọ́ọ̀sì gbéra ní aago mẹ́fà. Láti ibẹ̀ dé ilé ìṣọ́ná jẹ́ máìlì 2.8, lọ àti bọ̀ sì jẹ́ 5.6; wákàtí mẹ́ta ni ó máa ń gbà. Wákàtí méjì ni ẹ fún wa, pẹ̀lú àgbàlagbà. Sunrise fúnra rẹ̀ ti ga tó 6,400 ẹsẹ̀ bàtà, èémí kì í tètè délẹ̀ níbẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè láti Kent. Bẹ́ẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ yín ní "ìrìn fàájì ni, ẹ wọ bàtà tó bá wù yín." Bàtà kánfáàsì ni Màmá wọ̀. Òkúta ni ojú ọ̀nà náà, kò sí ibòji, atẹ́gùn sì ń fẹ́ gan-an. Ẹ kò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wù òtútù, ẹ kò sọ ti omi.

A dé adágún Frozen Lake ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìrìn máìlì 1.3 ló kù. Ọmọ mi nawọ́ sí ọ̀nà tó lọ sápá ọ̀tún, ó ní, "Ìyá àgbà, ọ̀hún ni." Màmá dúró, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá ní ká padà kí ọkọ̀ má baà fi wá sílẹ̀. Láti ìgbà náà, wọn kò tíì mẹ́nu bà á.

Mi ò fi ẹ̀sùn kan dírẹ́bà. Ó bọ̀wọ̀ fún wa, òun ló gbé báàgì Màmá. Àwọn òdòdó Sunrise rẹwà, òkè Rainier alára sì hàn kedere. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pè yín ní ọjọ́ Ajé, ọmọkùnrin tó gbé fóònù bi mí pé ṣé Màmá kò gbádùn òdòdó ni, ó ní ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà kì í ṣe ẹ̀bi ilé-iṣẹ́, pé ẹ ó dín owó ìrìn-àjò wa tó ń bọ̀ kù ní ìdá mẹ́wàá. Òdòdó kọ́ ni a sanwó fún. Ètò ni a sanwó fún: kí ẹ ti wádìí ọ̀nà, kí ẹ ti gba tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ti ka wákàtí tó yẹ ẹni ọdún 68. Mo lè wa ọkọ̀ fúnra mi.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Ẹ dá 380 dọ́là wa padà láìyọ kọ́bọ̀, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ. Ẹ yọ òkè Tolmie kúrò nínú ìpolówó yín, nítorí títí di àárọ̀ yìí ó ṣì wà níbẹ̀, ẹlòmíràn lè máa sanwó lọ́wọ́. Kí ẹ sì pe Màmá mi fúnra yín, kí ẹ bẹ̀ wọ́n. Èmi kọ́ ni ẹ jẹ ní ẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń wọkọ̀ òfúrufú. Ní Sátidé ọjọ́ 9, aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni a ó kúrò ní Kent, kí a lè wọlé ní White River ṣáájú aago méje, nígbà tí wọn kì í béèrè tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti fẹ́ ra bàtà òkè àti ọ̀pá ìtilẹ̀ fún Màmá. Owó yín ni mo fẹ́ fi rà á, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Kent