Ẹ̀yin Ọmọ Mi, Owó Tó Ti Lọ Ti Lọ

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ ó rí ọlọ́gbọ́n tó ṣe ìpinnu tí kò bọ́gbọ́n mu rárá, tí yóò tún máa fi gbogbo ẹnu jà fún un. Ohun kan ló ń tì í láti inú wá, kò sì rí i.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìbẹ̀rù àdánù. Lọ́dún 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé pé bí owó bá bọ́ lọ́wọ́ wa, ẹ̀dùn rẹ̀ máa ń wọ̀ wá lára ju ayọ̀ tí à bá ní ká ní iye kan náà wọlé. Ẹ wo ẹni tó jókòó ti òwò tó ti kú, tàbí ẹni tí kò lè fi àfẹ́sọ́nà tó ń fìyà jẹ ẹ́ sílẹ̀, nítorí ọdún tó ti lò níbẹ̀. Ìjọba gan-an kò bọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ̀wé ní 1962 láti jọ kọ́ bàálù Concorde. Owó ń gorí owó, síbẹ̀ wọn kò jáwọ́. Bàálù mẹ́rìnlá péré ló kó èrò, wọ́n sì dẹ́kun fífò ní 2003. Ẹ máa bi ara yín pé: ká ní n kò tí ì fi ohunkóhun síbẹ̀, ṣé màá wọ̀ ọ́ lónìí?

Àwọn tó yí wa ká náà máa ń tini. Ní àwọn ọdún 1950, ní Amẹ́ríkà, Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ka sí ìlà tó gùn tó èyí tó fi hàn wọ́n. Iṣẹ́ tó rọrùn ni. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù nínú yàrá ti gbìmọ̀ láti jọ sọ irọ́ kan náà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn àwọn tí kò mọ̀dí sì tẹ̀lé irọ́ ọ̀hún. Èyí tó wú mi lórí ni pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ òótọ́ níbẹ̀, àwọn tó ń gba irọ́ a dín kù gidigidi. Ẹ wá ọ̀rẹ́ tó lè ta kò yín lójúkojú, ẹ má sì bá a bínú.

Mímọ̀ nìkan kò tó o. Ẹni tó mọ̀ ọ́n náà ń kó sí i. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ àdéhùn kankan, ẹ kọ ohun tó máa mú yín jáde sílẹ̀, kí ẹ fún ọ̀rẹ́ yẹn tọ́jú. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá gbóná, ẹ jẹ́ kó kà á sí yín létí.